Lẹ́tà ṣíṣí sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó: Ẹ bá wa wá yúníìtì iná 50 lówó pọ́ọ́kú lóṣù fún àwa òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì

Òkè-Àró, Àkúrẹ́

Ọlọ́lá Abẹnugan, àti gbogbo ẹ̀yin aṣòfin 26 tí ẹ ń jókòó ní Alágbàká lórúkọ wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo kí yín, mo kí ará ilé yín. Ẹni ọdún 73 ni mí. Ọdún 35 ni mo fi ṣe olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti 1974 títí di 2009. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú ṣọ́ọ̀kì dání, kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Mo wà ní kíláàsì ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn nígbà tí ètò UPE, ìyẹn ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ, bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ ya wọlé bí omi tí a fi ń kọ́ àwọn mìíràn lábẹ́ igi. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Gómìnà Ajásin sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú yín ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi rí, kí n ti di ọwọ́ rẹ̀ mú kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ "a, b, d". Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí ìyá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, n kò ní fi ọ̀wọ̀ ipò yín ṣeré.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo bá wá.

Ní àdúgbò tiwa, iná wà. Owó tí a ó fi tàn án ni kò sí. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná ní orílẹ̀-èdè wa, kéde ní Àbújá pé ẹni tó bá wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, yóò máa san náírà 225 lórí yúníìtì kan. Nǹkan bíi náírà 68 ni tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kanlẹ̀kùn wa láti béèrè bóyá a fẹ́ Band A. Wáyà tó gba iwájú ilé wa kọjá ni wọ́n kó síbẹ̀, àwa náà bá a lọ. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní òdìkejì títì, tí a jọ ń kí ara wa láti ojú fèrèsé, fídà mìíràn, ìyẹn wáyà mìíràn tó ń gbé iná wá, ni tirẹ̀. Iná tirẹ̀ kì í pẹ́ tó tiwa, ṣùgbọ́n ó ń rí i rà.

Ìṣirò ni mo fi jẹun fún ọdún 35, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Kó tó di oṣù kẹrin yẹn, bí mo bá mú 5,000 náírà lọ bá ọmọkùnrin tó ń ta tókìn, ìyẹn nọ́ńbà tí a ń tẹ̀ sínú mítà kí iná lè wọlé, lẹ́bàá Ọjà Ọba, yúníìtì 68 ló máa ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó VAT. Lẹ́yìn ìkéde náà, 5,000 yẹn kò mú 21 pé. Wọ́n dín in kù díẹ̀ nígbà tó yá, ó wá sí nǹkan bíi náírà 209 lórí yúníìtì kan, ó sì di 22. Owó kan náà ni, ilé kan náà ni, gílóòbù kan náà ló ń tàn.

Owó ìfẹ̀yìntì mi jẹ́ 42,000 náírà lóṣù. Bàálé mi, tó fi ọgbọ̀n ọdún wa katapílà fún ìjọba, tó sì wà lára àwọn tó la ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ yín ń gbà lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀, ń gba 31,000. Ẹ pa á pọ̀: 73,000. Iye tí ìpínlẹ̀ wa fọwọ́ sí ní 2024 pé kí òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ máa gbà lóṣù gan-an nìyẹn. Arúgbó méjì, tí ọdún iṣẹ́ wọn lápapọ̀ jẹ́ 65, ló ń pín owó oṣù òṣìṣẹ́ kan jẹ. N kò sọ èyí kí ẹ lè káàánú mi. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ inú àpò tí owó iná ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ ilé mi díẹ̀.

Bàbá, ìyẹn bàálé mi, ní àtọ̀gbẹ. Láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló ti ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì láàárọ̀ àti lálẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ kọ́ mi pé èyí tí a ti ṣí lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ooru kò bá pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a kò tíì ṣí, inú fìríìjì ni kó máa gbé. Àwa tí a wà ní Àkúrẹ́ mọ bí ooru oṣù kejì àti ìkẹta ṣe ń rí, tí òkúta Ìdànrè á máa tu ooru jáde títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tí òrùlé páànù wa náà kò sì yàtọ̀ sí i. Nínú ilé tiwa, kì í ṣe omi tútù ni fìríìjì wà fún. Ilé oògùn ni. Bí mítà bá ti ń sún mọ́ òdo, oògùn yẹn ni ọkàn mi máa ń kọ́kọ́ fò sí.

Ẹ ó rántí pé ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ọ̀pọ̀ jù lọ mítà onítókìn káàkiri àgbáyé dé ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún wọn ṣe. Òǹkà kan wà nínú wọn tó ti ń ka ọjọ́ bọ̀ láti 1993, ọjọ́ yẹn ló kún. Ẹni tí kò bá tíì tẹ nọ́ńbà tuntun tí wọ́n fún un sínú mítà rẹ̀ kò ní lè lo tókìn tó bá rà. Bóyá wọ́n kéde rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi àti Bàbá kò gbọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kejìlá, yúníìtì tán. Mo ti ra tókìn 3,000 náírà sílẹ̀ láti ọ̀sán. Bí a ṣe máa ń ṣe é ni pé Bàbá á di ìwé náà mú lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, ó ti fi òwú so apá kan awò ojú rẹ̀ tó dá, á máa kà á fún mi ní mẹ́rin-mẹ́rin, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà 20 ni. A tẹ̀ ẹ́, mítà kọ̀ ọ́. A tún un tẹ̀, ó kọ̀. Nígbà kẹta, Bàbá rò pé èmi ni mo ń ṣì í tẹ̀, ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, èmi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un, ohùn mi ti ń gbọ̀n. Mítà kọ̀ ọ́.

Aago mẹ́wàá ti kọjá. Ìgò ínsúlíìnì méjì tí a kò tíì ṣí wà nínú fìríìjì tó ti ń yọ́. Mo rántí ohun tí ìyá mi máa ń ṣe sí ẹ̀fọ́. Mo gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, mo da yanrìn sí àárín wọn, mo fi omi rin yanrìn náà, mo kó oògùn sínú ọ̀rá, mo gbé e sínú ìkòkò kékeré, mo fi àpò tútù bò ó. Mo jí lẹ́ẹ̀mejì lóru láti tún omi ta sí i. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì FUTA kan tó ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé wa tó wá ṣàlàyé fún wa pé nọ́ńbà méjì mìíràn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 20, ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé. Ó bá wa lọ gbà á, ó padà wá, ó tẹ̀ ẹ́. Ọgọ́ta nọ́ńbà, kí iná 3,000 tó tàn. Mo gbàdúrà fún ọmọ náà títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo ń ronú àwọn tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́ kankan lẹ́yìnkùlé wọn.

Bí a ṣe ń fara dà á nìyí. A ti kó ara wa sínú yàrá kan ṣoṣo kí fáànù kan lè fẹ́ sí àwa méjèèjì. Fírísà tí mo fi owó àjọ rà ní 1998, tí mo fi ń ta omi yìnyín nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ti di àpótí gààrí. A kì í lo áyọ́ọ̀nù mọ́. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń ká dáadáa sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti alẹ́ Ọjọ́rú, yóò ti gún kó tó di ọjọ́ Ìsinmi. Omi ìwẹ̀ Bàbá, inú báàfù dúdú ni mo ń pọn ọ́n sí, mo máa ń gbé e sí oòrùn láti aago mọ́kànlá. Kànga wa ní pọ́ńpù tí àwọn ọmọ rà fún wa, ṣùgbọ́n bí pọ́ńpù náà bá ṣe ń hó ni nọ́ńbà mítà ń sọ̀ kalẹ̀, mo ti padà sí okùn àti korobá. Èjìká ọ̀tún mi mọ iye korobá tó wà nínú kànga náà lójúmọ́.

Àwa ṣì kúkú lọ́lá. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ìsìnkàn, olùkọ́ bíi tèmi, ọkọ rẹ̀ ti kú. Gáàsì ti kọjá agbára rẹ̀ láti ìgbà tí kílò kan ti ju 1,000 náírà lọ. Òun àti opó mìíràn nínú ọgbà kan náà wá pa ìdáná wọn pọ̀: tí ọ̀kan bá sè lónìí, èkejì á sè lọ́la, wọ́n á sì jọ jẹ ẹ́. Ìyẹ̀ pákó láti ilé ìlagi ni wọ́n fi ń dáná. Mo lọ kí i lọ́jọ́ kan, ó ń ṣe ààrò lọ́wọ́. Ó gbé ìgò ọtí òfìfo sí àárín agolo ọ̀dà kan tí wọ́n ti lu ihò sí nísàlẹ̀, ó ki ìyẹ̀ pákó yí ìgò náà ká, ó ń fi ọmọ odó tẹ̀ ẹ́ kó lè ki dáadáa, ó sì rọra yí ìgò náà fà á jáde kí ihò tí iná yóò máa gbà lè kù sílẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, ọwọ́ rẹ̀ yá bí ẹni tó ń mọ ìkòkò. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un nípa èéfín. Ó ń nu omi ojú pẹ̀lú etí aṣọ bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo bi í léèrè pé ṣé ẹ̀wà tó fẹ́ràn náà ṣì ń wà nílé. Ó ní ẹ̀wà ti ń jẹ iná jù, àwọn ti fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ní gáàsì.

Obìnrin yẹn kọ́ ọmọ tó lé ní 1,000 ní ìwé kíkà.

Àwọn kan á ní, ṣé ẹ kò bímọ ni? A bímọ, Ọlọ́run ṣeun. Àwọn ọmọ wa ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó ọkọ̀ tí àkọ́bí mi fi ń lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó ti gba ibi tí owó tó ń fi ránṣẹ́ sí wa wà tẹ́lẹ̀. Òun náà ní mítà, òun náà wà ní Band A. Nígbà tí mo bá pè é pé iná ti tán, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó sọ pé, "Ẹ má ṣèyọnu, Màámi, màá wá nǹkan ṣe sí i." Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mi ò fẹ́ máa gbọ́ mọ́. Mo ti ń purọ́ fún un pé yúníìtì ṣì pọ̀.

Ẹ̀yin aṣòfin, ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín, tí n kò kọ ọ́ sí Àbújá, ni pé ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní Àbújá. Títí di 2023, ẹ lè sọ fún mi pé ọwọ́ yín kò tó o. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè tó gba ìpínlẹ̀ láàyè láti ṣòfin lórí iná tó ń gba inú ìpínlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ní oṣù kẹfà, Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí Òfin Iná Mọ̀nàmọ́ná tuntun. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dìde, a ti ní àjọ tiwa, OSERB, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, NERC sì ti fà á lé wọn lọ́wọ́. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Mo sọ fún Bàbá pé ó ti sún mọ́lé nìyẹn, ibi tí ẹsẹ̀ mi lè gbé mi dé.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Mo ní ìwé olójú-ewé ogójì kan tí mo ń kọ nọ́ńbà mítà sí láàárọ̀ àti lálẹ́. Yúníìtì kan ni ohun tí ẹ̀rọ tó lágbára kílówáàtì kan ń jẹ ní wákàtí kan. Fìríìjì kékeré wa ń jẹ tó yúníìtì kan lójúmọ́. Fáànù kan, bí a bá tàn án fún wákàtí mẹ́jọ lóru, díẹ̀ ló kù kó jẹ ààbọ̀ yúníìtì. Gílóòbù mẹ́rin tí kì í jẹná púpọ̀, láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìgbà tí a bá sùn, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún yúníìtì. Ẹ pa á pọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ ó rí i pé kò ju 50 lọ. Yúníìtì 50 lóṣù ni kí oògùn má bàjẹ́, kí àgbàlagbà rí oorun sùn, kó má sì fẹsẹ̀ kọ nǹkan ṣubú bó bá dìde lóru lọ tọ̀. Ní náírà 209 yẹn, pẹ̀lú VAT, ó ju 11,000 náírà lọ. Nínú 42,000 mi, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, kí n tó ra ìrẹsì, kí n tó ra oògùn.

N kò sì dá nǹkan tuntun sílẹ̀. Nínú àtẹ owó iná tí NERC fúnra rẹ̀ ṣe tẹ́lẹ̀, ìsọ̀rí kan wà fún àwọn tí kì í lò ju yúníìtì 50 lọ lóṣù. Náírà 4 péré ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún yúníìtì kan. Wọ́n mọ̀ nígbà náà pé iná tí ó kéré jù lọ, tí ènìyàn kò lè ṣe aláìní, kò yẹ kó jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú iná tí ènìyàn fi ń tan ẹ̀rọ amúlétutù. Àyà mi máa ń já tí mo bá rò ó pé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ti wà rí tí ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ̀ pé ó wà.

Ẹ ṣe òfin fún wa. Kí yúníìtì 50 àkọ́kọ́ lóṣù, nínú ilé òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó ti pé ọdún 60, jẹ́ owó pọ́ọ́kú. N kò ní kó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ jẹ́ ká ní náírà 50. Ohun tó bá kọjá 50 yúníìtì, kí ẹni náà san án bí gbogbo ayé ṣe ń san án. Bí a bá ṣe é báyìí, kò sí ẹni tó máa lè fi mítà ìyá àgbà jó irin tàbí tan ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí 50 náà kò ní ká a. Ọ̀rọ̀ ta ni ó tọ́ sí kò sì ṣòro. Orúkọ wa wà lórí ìwé ìsanwó ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ ti pè wá jáde fún àyẹ̀wò, a ti tẹ̀ka, a ti ya fọ́tò, a ti tò sí oòrùn. Ẹ so nọ́ńbà mítà mọ́ orúkọ tó ti wà lọ́wọ́ yín.

Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè ẹni tí yóò san ìyókù, nítorí ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná kì í ṣe ilé àánú. Ó yẹ kí ẹ béèrè bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín 209 àti 50 jẹ́ 159. Lórí yúníìtì 50, kò tó 8,000 náírà lóṣù fún ilé kan. Ẹ jẹ́ ká fi ilé 10,000 ṣe àpẹẹrẹ: nǹkan bíi mílíọ̀nù 80 náírà ni lóṣù. Owó ńlá ni lójú mi, n kò ka iye bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ máa ń ka bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ yìí lójú ewé dé ojú ewé. Ẹ wá a níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó ti lé ní 70 àti àwọn tí wọ́n ní oògùn nínú fìríìjì.

Ó ṣeé ṣe. Ní 2025, àjọ ìpínlẹ̀ Enugu jókòó ṣírò owó iná tiwọn, wọ́n sì sọ ti Band A kalẹ̀ láti 209 sí 160. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀, mo gbọ́ ọ, n kò sì sọ pé kí ẹ ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é gẹ́lẹ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i pé ìpínlẹ̀ lè fi ọwọ́ kan iye yẹn kó sì yí padà. Àbúrò mi tó fẹ̀yìntì ní London sọ tiwọn fún mi náà. Níbẹ̀, ìjọba máa ń fún àgbàlagbà ní owó kan nígbà òtútù kí wọ́n lè fi tan ẹ̀rọ amúlémóoru, pọ́ùn 200, tàbí 300 fún ẹni tó bá ti pé 80. Ní 2024 wọ́n gbà á kúrò lọ́wọ́ àwọn tó tó mílíọ̀nù 10. Àwọn arúgbó náà kò dákẹ́, wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n ta ko àwọn aṣojú wọn. Nígbà tó fi máa di àárín 2025, ìjọba ti kéde pé àwọn yóò dá a padà fún gbogbo ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju pọ́ùn 35,000 lọ lọ́dún. Òtútù ni tiwọn, ooru ni tiwa, ara àgbà kan náà ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti àwọn tí lẹ́tà yìí kò bá kàn, kí n má baà dà bí ẹni tó ń jà fún ara rẹ̀ nìkan. Ní apá gúúsù ìpínlẹ̀ yìí, ní Òkìtìpupa, ní Ìrèlè, ní Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò, ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ọ̀pọ̀ ìlú fi wà nínú òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ agbègbè yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè iná ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ wà. Olùkọ́ tó fẹ̀yìntì sí Ìgbọ́kọ̀dá kò ní mítà tí yúníìtì 50 yóò wọ̀. Fún irú wọn, ẹ fi sólà kékeré kan sínú òfin náà, èyí tó lè gbé gílóòbù àti fáànù, tó sì lè mú oògùn tutù. Àwọn tí kò ní mítà ní Àkúrẹ́ níbí náà ńkọ́, tí bílì àfojúbù ń bá lójú orun? Ẹ jẹ́ kí mítà kọ́kọ́ dé ilé àgbàlagbà, kí wọ́n má sì ní kí wọ́n yá owó rà á.

Ohun kan tún wà tí ẹ lè ṣe láìdúró de òfin tuntun kankan. Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè wa, ní abala 210, sọ pé kí wọ́n máa ṣe àtúnyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá ti ṣe ti owó oṣù, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Owó oṣù kékeré jù lọ gun òkè ní 2011, ó gun òkè ní 2019, ó tún gun òkè ní 2024. Ẹ pe àwọn tó yẹ síwájú yín, ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe tẹ̀lé abala yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún wa, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo ìlú gbọ́ èsì wọn. Ọ̀rọ̀ gírátúítì, owó àsanpọ̀ tó tọ́ sí ẹni tó fẹ̀yìntì, jẹ́ ọ̀tọ̀, n kò ní fi í da ti iná rú lónìí.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá ní ìbéèrè kó na ọwọ́ sókè, màá dá a lóhùn. Mo na ọwọ́ mi sókè báyìí. Bí ẹ bá pe ìjókòó ìtagbangba lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọjọ́ rẹ̀ lórí rédíò, kí ẹ kéde rẹ̀ ní èdè tí a gbọ́, ẹ sì jẹ́ kó bọ́ sí òwúrọ̀ nítorí àwa kì í rìn lóru. Ọ̀rẹ́ mi láti Ìsìnkàn yóò bá mi wá. Màá mú ìwé olójú-ewé ogójì yẹn dání. Gbogbo nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ láti oṣù kẹrin 2024, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Láàárọ̀ yìí, mítà wa wà ní 3.8. Àlááàtì owó ìfẹ̀yìntì kò tíì wọlé. Mo ti pa fáànù, mo ti ṣí fèrèsé méjèèjì, fìríìjì nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ínsúlíìnì Bàbá wà ní àgbékà kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì, Òkè-Àró, Àkúrẹ́